Ohùn Adarí-Ọkàn Padà Sílé

Gbogbo ọmọ tó ń wo tẹlifíṣọ̀n ló mọ ohùn ọkùnrin yìí, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó fẹ́ jókòó tì í. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé ó ń fi ohùn sẹ́nu aṣebi kan nínú kàtúùnù, Adarí-Ọkàn lorúkọ aṣebi náà. Bí Adarí-Ọkàn bá ti ranjú mọ́ ènìyàn, tó ní, "Wò mí lójú, èrò rẹ ti di tèmi," onítọ̀hún á di ẹrú rẹ̀ títí Ọmọ Mànàmáná, akọni eré náà, á fi fò gba ojú fèrèsé wọlé wá tú u sílẹ̀. Bó bá di ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Ọdún ń gorí ọdún, orúkọ aṣebi náà sì lẹ̀ mọ́ ọkùnrin yìí lára. Àwọn àgbà àdúgbò ń pè é ní Adarí. Àwọn ọmọdé kì í pè é rárá, sísá ni wọ́n ń sá bí wọ́n bá gbọ́ tó wúkọ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ẹ má fi rẹ́rìn-ín. Kò dùn kí ọmọdé máa sá fún ni. Ọkùnrin náà ò burú. Ó ga, ó gbẹ, kò sì fẹ́ràn kí àwo dọ̀tí sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwo kan ṣoṣo ló ń dọ̀tí nílé rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ọmọ kan tó bí fún un kó tó lọ, obìnrin ni, nọ́ọ̀sì ni, ìsàlẹ̀ àdúgbò lòun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé pẹ̀lú ọmọbìnrin wọn kékeré tí gbogbo ayé ń pè ní Pẹ́pẹ́yẹ nítorí bó ṣe ń mi ìdí rìn. "Ìyá mi" ni Adarí ń pe nọ́ọ̀sì yìí, nítorí ojú ìyá tó bí Adarí ló gbé wá sáyé. Òun nìkan ló kù láyé tó ń kan ilẹ̀kùn bàbá rẹ̀ tí kì í ṣe pé ó ṣìnà.

Iṣẹ́ tó ń ṣe náà ò tún ní ẹnìkejì. Ẹ ó rò pé àwọn tó ń bá ara wọn jà nínú kàtúùnù máa ń dúró pọ̀ níwájú máìkì. Rárá o. Lọ́kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń wọlé. Obìnrin tó ń ṣe Ọmọ Mànàmáná á ti gba ohùn tirẹ̀ sílẹ̀ láàárọ̀, á ti bá tirẹ̀ lọ. Bó bá di ọ̀sán, Adarí á wọ yàrá kékeré kan tí wọ́n fi fóòmù bo ògiri rẹ̀ yíká, á máa halẹ̀ mọ́ ẹni tí kò sí níbẹ̀, á rẹ́rìn-ín ìṣẹ́gun, á tún wá ké bí ẹni tí wọ́n ṣẹ́gun. Lẹ́yìn dígí, obìnrin tó ń darí ẹ̀rọ, tí wọ́n ń pè ní Ọ̀gá Ẹ̀rọ, á ní, "Ẹ tún un sọ, sà. Ẹ jẹ́ kó dùn yín díẹ̀ sí i." Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ló jẹ́ pé ọ̀rọ̀ tí ènìyàn bá a sọ láti àárọ̀ dalẹ́ nìyẹn.

* * *

Ọ̀fun rẹ̀ ló kọ́kọ́ dà á. Ohùn náà há, ó ń já bí okùn tó ti gbó, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ lábẹ́lẹ̀ níbi iṣẹ́ pé kí àwọn wá ẹlòmíràn. Bí wọ́n bá gba Adarí-Ọkàn lọ́wọ́ rẹ̀, kí ló kù? Ìdí tó fi wá ọ̀nà lọ sọ́dọ̀ arúgbó kan nìyẹn, Ìyá Ẹ̀yìn-Afárá, tó ń ta egbò àti ewé nínú ilé onípákó kan tó máa ń gbọ̀n rìrì bí ọkọ̀ ojú irin bá ń kọjá.

Arúgbó náà kò tiẹ̀ ní kó yanu. Ojú rẹ̀ ló ń wò. Ó ní, "Ọ̀fun kọ́ ló ń dùn ọ́. Ènìyàn lo ń wá."

"Ọ̀fun ni, Ìyá."

"Ó dáa, ọ̀fun ni." Ó na ọwọ́ sábẹ́ bẹ́ǹṣì, ó mú ìgò kékeré kan jáde, ẹ̀tù dúdú ló wà nínú rẹ̀. "Bí o bá fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ, fi ìka kàn án, kí o tọ́ ọ lá. Ohun tí o bá ní kí ẹni tó wà níwájú rẹ ṣe, á ṣe é, kò sì ní jáwọ́ àfi bí ìwọ fúnra rẹ bá fẹnu ara rẹ sọ pé ó tó. Èèwọ̀ kan ló ní. Ohùn tó bá ti kúrò lẹ́nu rẹ, má jẹ́ kó padà wá bá ọ."

"Báwo ni ohùn ṣe ń padà?"

"Ìwọ lo ń fi ohùn jẹun, èmi lo wá ń bi." Ó yí ẹ̀yìn sí i, ó ń ṣa ewé rẹ̀ lọ.

Kó tó délé, ó ti ronú kàn án. Láti ọjọ́ náà kò dé agbọ́hùn sétí mọ́ nínú yàrá iṣẹ́, kò sì jẹ́ kí wọ́n lu ohùn rẹ̀ padà fún òun gbọ́. Kò wo kàtúùnù náà mọ́. Ó kó gbogbo bùláńkẹ́ẹ̀tì tí ìyàwó rẹ̀ fi sílẹ̀, ó kàn wọ́n mọ́ ògiri yàrá àti pálọ̀ títí dé òkè, kí ògiri má baà dá ohùn padà. Ilé náà wá dákẹ́ débi pé bó bá jókòó, èémí ara rẹ̀ ló ń gbọ́. Ohùn rẹ̀ sì sàn, ó tiẹ̀ sàn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Kò kọ́kọ́ fẹ́ fi ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa ṣe ń bẹ̀rẹ̀.

* * *

Òjò ló fà á. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ní ìrọ̀lẹ́ kan, ó rí aládùúgbò rẹ̀ tó ń sáré lọ sílé, awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, ẹni tí wọ́n jọ máa ń ta dráfù nígbà tí ìyàwó Adarí ṣì wà láàyè. Adarí fi ìka kan ẹ̀tù náà, ó tọ́ ọ lá. Ó korò.

"Yà wá. Wá jókòó, ká ta dráfù."

Ohùn tó jáde kì í ṣe èyí tó fi ń kí ènìyàn. Ohùn Adarí-Ọkàn ni, ohùn abẹ́ ilẹ̀. Awakọ̀ dúró sójú òjò, ó yí padà, ó wọlé. Ó jókòó. Omi ń kán lára rẹ̀ sórí àga. Ó ń ta ọmọ dráfù rẹ̀ bó ṣe yẹ, kò ṣàṣìṣe, kò sì sọ nǹkan kan.

Inú Adarí dùn. Ó sọ àwàdà àtijọ́ kan fún un, èyí tó máa ń mú kí awakọ̀ lu ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Awakọ̀ ń wo ọpọ́n.

"Rẹ́rìn-ín," ni Adarí wí.

Awakọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ẹnu rẹ̀ là, eyín rẹ̀ hàn, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ò kúrò lórí ọpọ́n. Ẹ̀rín náà ń lọ. Adarí náà kọ́kọ́ bá a rẹ́rìn-ín, ó wá dákẹ́. Awakọ̀ ò dákẹ́. Ó ń rín in títí omi fi ń dà lójú rẹ̀, títí ìwúkọ́ fi dà pọ̀ mọ́ ọn, ó ṣì ń ta ọmọ dráfù láàárín rẹ̀, kò sì sí ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀rín yẹn.

"Ó tó. Ó tó, jọ̀ọ́."

Ẹ̀rín náà dúró. Awakọ̀ wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Adarí, kí ni mo wá ṣe níbí?"

"Òjò lo yà fún."

Awakọ̀ fọwọ́ kan ẹ̀wù rẹ̀. "Ẹ̀wù mi ti gbẹ," ó wí, ó dìde, ó di ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀ mú bí ẹni tí wọ́n lù. "Ìyàwó mi á ti máa wá mi." Láti ọjọ́ náà, òdìkejì títì ló ti ń kí Adarí.

Ẹlòmíràn ì bá ti gbé ìgò náà sọ sódò. Adarí fọ ìka rẹ̀, ó to ọmọ dráfù padà sínú páálí, ó jókòó ti ara rẹ̀. Ohun tó dùn ún jù ni pé inú òun dùn nígbà tí ọ̀rẹ́ òun ń wọlé.

* * *

Ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi kan ni ọmọ rẹ̀ mú ìròyìn kan wá. Pẹ́pẹ́yẹ dúró sẹ́nu géètì, kò wọlé. Ẹ̀rù Bàbá àgbà ń bà á. Ìyá rẹ̀ ti bẹ̀ ẹ́ títí, àmọ́ Pẹ́pẹ́yẹ ní Adarí-Ọkàn wà nínú Bàbá àgbà, kò sì sẹ́ni tó lè bá ọmọdé jiyàn nípa ohun tó fi etí ara rẹ̀ gbọ́.

"Bàbá, wọ́n ti gbà mí síṣẹ́ tuntun. Ilé ìwòsàn ńlá ni. Ibẹ̀ jìnnà díẹ̀. Bàbá Pẹ́pẹ́yẹ ti ṣáájú lọ, ó ti rílé."

"Báwo ló ṣe jìnnà tó?"

"Tí a bá gbéra láàárọ̀, a ó sùn lójú ọ̀nà ká tó dé."

Adarí ń fi ọwọ́ pa etí tábìlì. Ó ní ìyẹn dáa, ó ní kí Ọlọ́run bù sí i. Gbogbo ohun tí bàbá gidi máa ń sọ ló sọ. Ọmọ náà ń wò ó bí ẹni tó ń retí pé kó bi òun léèrè nǹkan kan. Kò bi í. Ó ń ronú ilẹ̀kùn tí ẹnikẹ́ni ò ní kàn mọ́.

"Ẹ jẹ́ kí n máa lọ, Bàbá. Ọmọ ń dúró nínú oòrùn. Màá padà wá, ọ̀rọ̀ ṣì wà tó yẹ ká sọ." Ó dìde.

Ọwọ́ Adarí ti wọ àpò. Kò mọ ìgbà tó wọ̀ ọ́, kò sì mọ ìgbà tí ìka náà kan ahọ́n.

"Jókòó. Má tíì lọ."

Ọmọ náà jókòó wìì. Láti ẹnu géètì, Pẹ́pẹ́yẹ ké pe màmá rẹ̀. Ọrùn ìyá rẹ̀ yí síbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ gbá apá àga mú, iṣan rẹ̀ ń yọ, kò lè dìde. Pẹ́pẹ́yẹ tún ké, ó ti fẹ́ di ẹkún. Nígbà náà ni ọmọ náà yíjú wo bàbá rẹ̀, ojú yẹn sì ni Adarí ò rí gbé kúrò lọ́kàn mọ́. Kò bínú. Ó dà bí ẹni tó rí àlejò nílé tí wọ́n bí i sí.

"Ó tó," ni Adarí wí, pẹ̀lẹ́.

Ó dìde. Ó wo bùláńkẹ́ẹ̀tì ìyá rẹ̀ lára ògiri. Ó wo orí ìka bàbá rẹ̀ tó dúdú. Lẹ́yìn náà ó kúnlẹ̀ bó ṣe máa ń kúnlẹ̀, ó ní, "Ó dàbọ̀, Bàbá," ó jáde, ó gbé ọmọ rẹ̀ mọ́ra, kò bojú wẹ̀yìn.

* * *

Ó yẹ kí n sọ ohun tí Adarí kò fojú ara rẹ̀ rí, kó lè yé yín.

Nọ́ọ̀sì ni obìnrin yìí. Bó bá rí àìsàn, ó máa ń bi í léèrè ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Ó gba ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Ẹ̀rọ lọ, ó ní kí ló yí padà lára bàbá òun. Ọ̀gá Ẹ̀rọ ronú, ó ní, "Ohùn wọn ni. Wọ́n ní ìyá kan lẹ́yìn afárá ló fún wọn ní nǹkan. Ó wá yà mí lẹ́nu pé wọn ò dé agbọ́hùn mọ́. Bí mo bá fẹ́ lù ú padà fún wọn gbọ́, sísá ni wọ́n ń sá jáde."

Ibẹ̀ ló gbà dé ilé onípákó náà. Kò kí arúgbó yẹn pẹ́. "Ẹ̀rọ̀ rẹ̀ ni mo wá gbà."

"Níbo lo ti fẹ́ pàdé rẹ̀?"

"Nílé mi. A ń kó lọ."

"Ó ti dáa ná. Gbogbo ohun tó bá rọ̀ nínú pálọ̀ ni kó o kó jáde. Kọ́tìnì, ẹní, tìmùtìmù, má ku ọ̀kan. Jẹ́ kí ògiri wà níhòòhò." Arúgbó náà já òwú dúdú kan, ó fi kan ètè ara rẹ̀, ó ń sọ nǹkan sí i. Ọkọ̀ ojú irin kọjá, kò sẹ́ni tó gbọ́ ohun tó sọ. "So èyí mọ́ ọrùn ọwọ́. Ohùn náà á dé ọ̀dọ̀ rẹ, kò ní bá ẹnikẹ́ni nílé. Á padà."

"Ṣé kò ní pa á lára?"

"Ohùn rẹ̀ ni. Ohun tó bá dì sínú rẹ̀ ló máa bá nínú rẹ̀."

Ọmọ náà ronú sí i. Ó rò pé kí ni bàbá òun máa sọ sí òun tó lè burú? Ó so òwú náà mọ́ ọwọ́.

* * *

Àmì ò pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í hàn sí Adarí. Ó jí láàárọ̀ kan, ó bá gbogbo bùláńkẹ́ẹ̀tì nílẹ̀, ìṣó ṣì wà lára ògiri, kò sì sí èyí tó ya. Ó tún wọn kàn, ó jáde lọ síbi iṣẹ́ pẹ̀lú ọkàn tí kò balẹ̀. Ní sítúdíò, ohùn rẹ̀ já láàárín gbólóhùn kan. Láti inú ẹ̀rọ, Ọ̀gá Ẹ̀rọ ní, "Ẹ mu omi, sà. Ṣé ọmọ yín rí yín? Ó wá síbí. Ó bi mí ohun tó yí padà lára yín, mo sì sọ ti agbọ́hùn àti ti ìyá ẹ̀yìn afárá fún un."

Adarí gbé ife omi náà sílẹ̀ láìmu.

Ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó di ẹ̀yìn afárá. Arúgbó náà ò ṣílẹ̀kùn fún un, ojú ihò pákó ló ti dá a lóhùn.

"Ta ló fún un ní ohun tó máa fi bá mi jà?"

"Èmi tí mo fún ọ."

"Ìyá, ẹ gba tọ̀tún, ẹ gba tòsì?"

"Oníbàárà mi lẹ̀yin méjèèjì."

"Èwo ló lágbára jù?"

"Ọ̀fun lo ní ó ń dùn ọ́," arúgbó náà wí. "Ṣé ọ̀fun ò tíì sàn ni?"

Ó rìn padà sílé. Ẹ bá mi wo ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ kan ṣoṣo, òun ló kọ́ ọ ní ìrìn, òun ló di irun rẹ̀ lọ́jọ́ tí ìyá rẹ̀ wà nílé ìwòsàn, ó dì í wọ́gọwọ̀gọ, ọmọ náà sì gbé e lọ sílé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú u. Ọmọ yẹn ló lọ ṣe oògùn de bàbá rẹ̀. Adarí jókòó sórí ibùsùn, ó sunkún. Ṣùgbọ́n ẹkún náà ò yí ìpinnu rẹ̀ padà, ṣe ló mú un le sí i. Kò rántí pé ẹni tó bá da eérú leérú ń tọ̀.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í to ọ̀rọ̀ tó máa sọ, bí oníṣẹ́ ohùn ṣe ń ṣe. Kò fẹ́ kí àyè kankan ṣẹ́ kù nínú rẹ̀. *Jókòó síbí*, kó má baà dúró. *Má lọ mọ́*, ìyẹn nítorí ọkọ̀. Ọkọ rẹ̀ ńkọ́, tó bá pè é lórí fóònù? Àwọn ará ilé ìwòsàn ńkọ́? Ó ronú títí, ó sì rí èyí tó máa dí gbogbo rẹ̀. *Ẹnikẹ́ni tó bá pè ọ́, má dá a lóhùn.* Ó ń sọ ọ́ nínú ikùn bó ṣe ń rìn káàkiri pálọ̀ ara rẹ̀, ó ń gbé ìró rẹ̀ sókè, ó ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, títí ó fi dán.

Ọ̀rọ̀ nìkan ló yẹ̀ wò. Ní gbogbo ọdún tó ti ń ṣe iṣẹ́ náà, ẹlòmíràn ló máa ń bá a tọ́jú yàrá tó ti ń sọ ọ́.

* * *

Ọkọ̀ akẹ́rù ti wà níwájú ilé ọmọ rẹ̀ nígbà tó débẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ kó, bí ọmọ náà ṣe ránṣẹ́ pè é. Ẹrù ti kún un, onímọ́tò ń fi okùn dì í. Pẹ́pẹ́yẹ jókòó sórí àtẹ̀gùn ọkọ̀, ó rí Bàbá àgbà, ó sá wọ abẹ́ ọkọ̀. Adarí ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Ọmọ rẹ̀ dúró láàárín pálọ̀, ó káwọ́ mọ́ra. Kò sí àga, kò sí kọ́tìnì, ojú fèrèsé là gbayawu. Bàtà Adarí ń dún kò, kò, kò lórí sìmẹ́ǹtì, ó rò pé àyà òun ló ń dún.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Inú mi dùn pé ẹ wá. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tèmi."

Adarí rí òwú dúdú kan lọ́wọ́ rẹ̀. "Ìyá mi. Èmi lo ṣe oògùn dè?"

"Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ ṣe é sí mi." Ó na ọwọ́ sí i. "Bàbá, ẹ yọ ọwọ́ yín kúrò lápò. Ẹ fi ohùn yín bá mi sọ̀rọ̀, èyí tí ẹ fi ń pè mí wálé nígbà tí mo wà ní kékeré. Ohunkóhun tí ẹ bá fi ìyẹn sọ, màá gbọ́."

Adarí yanu. Ó wá ohùn náà. "Ìyá mi, mi ò..." Ohun tó jáde tín-ín-rín, ó há, ó dà bí ohùn arúgbó tí ènìyàn gbọ́ nínú ọkọ̀ tí kò sì ní yíjú wò. Ojú tì í. Ẹni tó bá bẹ ènìyàn, wọ́n lè sọ fún un pé rárá. Bí ọmọ yìí bá sọ pé rárá, kí ni yóò fi kún ilé yẹn?

"Ẹ má yára, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí..."

Kò jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Ìdágbére ló rò pé ó fẹ́ sọ. Ó ti da gbogbo ìyókù ìgò náà sórí ahọ́n.

"Jókòó síbí. Má lọ mọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá pè ọ́, má dá a lóhùn."

Kò sọ ọ́ dáa tó bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ tó ti ń ṣe iṣẹ́ náà. Ohùn náà lọ. Ó dé ara ọmọ rẹ̀, òwú dúdú náà já, ó jábọ́. Ọmọ náà ṣì dúró. Ohùn náà kan ògiri ẹ̀yìn rẹ̀, ó kan àjà, kò rí ohun rírọ̀ kan tó lè gbà á dúró, ó sì yí padà. Adarí gbọ́ ọ tó ń bọ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún wọ̀nyí, ó gbọ́ Adarí-Ọkàn bí àwọn ọmọdé ṣe ń gbọ́ ọ, ẹ̀rù sì bà á.

*Jókòó síbí*, ni ògiri wí. Adarí jókòó wìì sórí sìmẹ́ǹtì. *Má lọ mọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá pè ọ́, má dá a lóhùn.*

"Bàbá?"

Ó gbọ́ ọ. Ó fẹ́ dáhùn. Ẹnu rẹ̀ padé.

"Bàbá, ẹ dìde. Ẹ dìde, ká máa lọ."

Onímọ́tò yọrí lẹ́nu ọ̀nà, ó ń nu ọwọ́. "Màdáámù, ṣé bàbá ti ṣetán? Mo ti to tìmùtìmù síbi tí wọ́n máa jókòó, ìrìn náà jìn."

Ọmọ náà ti kúnlẹ̀, ó di ọwọ́ bàbá rẹ̀ mú, ó fà á, kò ṣí nílẹ̀. "Ohun tí mo fẹ́ sọ nìyẹn. Mo dúró kí ẹ bi mí lọ́jọ́ yẹn, ẹ ò bi mí. Yàrá kan wà nínú ilé tuntun náà, Bàbá, ó ní fèrèsé tó kọjú sí àgbàlá. Tiyín ni. Ẹ sọ pé ó tó. Ọ̀rọ̀ kan péré ni, ẹ fẹnu ara yín sọ ọ́."

Adarí fi gbogbo ara rẹ̀ tì í. Iṣan ọrùn rẹ̀ le, òógùn bò ó. Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́yìn eyín rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń pè é ni ọmọ rẹ̀ yìí, ó sì ti sọ pé ẹnikẹ́ni. Kò fi àyè kankan sílẹ̀. Ẹyin lohùn, ẹ̀yin ará, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́.

Fóònù dún nínú àpamọ́wọ́ ọmọ náà. Ọkọ rẹ̀ ni, á fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n ti gbéra. Ó wo fóònù náà, ó jẹ́ kó dún tán.

Pẹ́pẹ́yẹ wọlé wá, eruku abẹ́ ọkọ̀ wà lórí rẹ̀. Ó dúró, ó wo Bàbá àgbà tó jókòó sílẹ̀ bí ọmọdé, tí omi ń dà lójú rẹ̀ láìsí ìró kankan. Ó fetí sílẹ̀ pẹ́. Lẹ́yìn náà ó rìn lọ bá a, ó gun itan rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan ẹnu rẹ̀.

"Màmá, Adarí-Ọkàn ò sí nínú wọn mọ́." Ó fi orí lé àyà Bàbá àgbà. "Bàbá àgbà? Bàbá àgbà, ẹ dá mi lóhùn."

Màmá rẹ̀ dìde, ó nu ojú. Ó bá onímọ́tò sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Adarí gbọ́ tí ọkùnrin náà ní, "Gbogbo ẹ̀, màdáámù?" Ó gbọ́ tí okùn ń tú. Ó gbọ́ tí wọ́n ń gbé ẹrù sọ̀kalẹ̀, tí àga ń fá ilẹ̀. Ilé ìwòsàn tuntun náà á wá ẹlòmíràn. Ọkọ tó ti ṣáájú lọ á máa dá jẹun.

Ohun tó wá síbí wá gbà ló rí gbà yìí. Ọmọ rẹ̀ ò ní lọ mọ́, kò sì sí oògùn tó dá a dúró. Ìbá ṣe pé Adarí ní ohùn díẹ̀, èyí tín-ín-rín yẹn, ìbá fi sọ fún un pé, Máa lọ, Ìyá mi, máa lọ. Ó ń sọ ọ́ nínú ara rẹ̀. Kò jáde.

Ọmọ náà gbé ẹní wọlé, ó tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó gbé kọ́tìnì kọ́ padà sójú fèrèsé. Ó wá jókòó, ó fi èjìká ti èjìká bàbá rẹ̀.

"Ẹ má ṣèyọnu, Bàbá," ó wí. "A wà níbí. Ṣé ẹ fẹ́ mu omi?"

Ó dúró kó dáhùn.